OJÚṢE AKẸ́KỌ̀Ọ́ YUNIFÁSÍTÌ LÓRÍ ÍNTÁNẸ́Ẹ̀TÌ



Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, nítorí náà ilé mi ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Àbíkẹ́yìn mi wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí owó kan gba inú àkáǹtì rẹ̀ kọjá. Ó gbà, kò bèèrè ibi tí owó ti wá. Owó jìbìtì ni. Báńkì ti àkáǹtì náà pa, owó iléèwé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sì há sínú rẹ̀. Èmi tí mo fi ọdún 35 ṣiṣẹ́ ìjọba láìgba ìwé ìbáwí kan, mo bá ara mi lórí bẹ́ǹṣì ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ohun tí ọmọ náà ń sọ ni pé, "Dádì, ṣebí fóònù lásán ni mo tẹ̀."

Ní ọ́fíìsì wa láyé ọjọ́sí, ẹni tí ó bá buwọ́ lu ìwé ni yóò dáhùn fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni fóònù rí. Nọ́ńbà yín so mọ́ NIN, àkáǹtì yín so mọ́ BVN. Ohun tí ẹ bá tẹ̀, ẹ ti buwọ́ lù ú.

Àwọn ọmọ wa mọ fóònù lò jù wá lọ, ṣùgbọ́n mímọ̀ ọ́n lò yàtọ̀ sí mímọ ojúṣe. Òfin tí ó de ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti wà láti 2015, wọ́n sì tún un ṣe ní 2024. Abala 24 rẹ̀ sọ pé ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi irọ́ ránṣẹ́ láti da ìlú rú lè ṣẹ̀wọ̀n tó ọdún 3, tàbí kí ó san ìtanràn tó mílíọ̀nù 7 náírà, tàbí méjèèjì. Àwa tí ojú wa rí wàhálà ọdún 2000 àti 2002 ní Kàdúná níbí mọ ohun tí àhesọ lè fà, bẹ́ẹ̀ kò tíì sí WhatsApp nígbà náà.

Ẹ̀tọ́ náà wà o. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 fún yín láṣẹ láti bèèrè ohun tí iléeṣẹ́ kan ń fi ìsọfúnni yín ṣe, kí wọ́n sì tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ má yá ẹnikẹ́ni ní àkáǹtì tàbí káàdì SIM yín. Ohun tí ẹ kò bá mọ orísun rẹ̀, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ tiwa ló kù. Ọjọ́ mẹ́fà ni ọmọ mi fi pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra, nítorí pé ó ń bẹ̀rù mi. Ká ní ó tètè sọ ni, ìdánwò sáà yẹn kì bá tí bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀bi mi nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ lè sọ̀rọ̀ fún wa.

Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ.