Yíyan Alùpùpù Kékeré fún Iṣẹ́ àti Ìgbafẹ́

 

Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, ọ̀pọ̀ nínú wa ní Minna níbí ló ti gbé mọ́tò sílẹ̀ nínú ọgbà, tí a ń wá alùpùpù tí a ó máa gùn láti Bosso tàbí Chanchaga lọ síbi iṣẹ́, tí a ó sì fi máa kí ara wa lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé e lórí nítorí pé mo gùn ún fún ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ́nu iṣẹ́ ọba. Ìdí kejì kò sí nínú ìwé ìpè: gbogbo yín lẹ rí bí mo ṣe tiro wọlé.

Ní ọdún 2004, mo ra tòkúnbọ̀ gíga kan, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń gun òkè. Ẹni tó tà á fún mi ní ẹ̀rọ ọ̀gá ni. Ó wù mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó lórí rẹ̀, orí ìka ẹsẹ̀ mi nìkan ló ń kan ilẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Kpakungu, ọkọ̀ iwájú dúró, èmi náà dúró, mo na ẹsẹ̀ òsì, ó bọ́ sínú kòtò. Kì í ṣe pé mo sáré o. Ẹ̀rọ náà ti dúró pátápátá kó tó wó lé mi. Egungun ojúgun mi ṣẹ́. Ọmọbìnrin mi wà lẹ́yìn mi. Ó fò bọ́ sílẹ̀, Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó bèèrè iye tí wọ́n ń tà á, ẹ gun orí rẹ̀. Kí àtẹ́lẹsẹ̀ yín méjèèjì tẹ́ sílẹ̀ dáadáa. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ tì í síwá sẹ́yìn. Bí ó bá ṣòro fún yín láti tì í, ó ti wúwo jù fún yín nìyẹn.

Ẹ́ńjìnnì 100cc sí 125cc tó fún ìrìn àárín ìlú, yóò sì gbé ìyàwó ẹni lọ sóde. 150cc dára fún ẹni tó ń ru ẹrù, ṣùgbọ́n ó ń mu epo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà á rántí irú tí à ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, tó ń rú èéfín bí ẹni fi igi tútù dáná; ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Èyí tí ọ́ìlì rẹ̀ wà lọ́tọ̀ ni kí ẹ rà, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò.

Ẹni tí ọwọ́ ń dùn, tí kílọ́ọ̀ṣì ń ni lára, kó wá irú Super Cub tí Honda gbé jáde lọ́dún 1958. Kò ní kílọ́ọ̀ṣì ọwọ́. Ẹsẹ̀ nìkan la fi ń yí jíà. Nígbà tó fi di 2017, èyí tí wọ́n ti ṣe jáde pé 100 mílíọ̀nù. Síkútà náà rọrùn, àmọ́ táyà kékeré rẹ̀ kò bá kòtò wa ṣọ̀rẹ́.

Ẹ bi mẹkáníìkì àdúgbò yín kí ẹ tó bi ẹni tó ń tà á. Bajaj àti TVS ni pátì wọn kì í wọ́n àwọn mẹkáníìkì tí mo mọ̀.

Kí owó akoto méjì wà nínú owó alùpùpù, nítorí ẹni ẹ̀yìn náà lórí. Ní oṣù kìíní ọdún 2009 tí àjọ FRSC bẹ̀rẹ̀ sí mú àwọn ọlọ́kadà tí kò dé akoto, àwọn kan dé igbá. A rẹ́rìn-ín. Akoto fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò ní okùn àgbọ̀n, igbá náà ni.

Alùpùpù mi wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn níta, 100cc ni. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó lórí rẹ̀ wò, kó wá bá mi lẹ́yìn oúnjẹ. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi.