Akọ Tòlótòló Tí Kò Ṣeé Tàn

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ pè mí pé kí n wá sọ̀rọ̀ lónìí, ó ní torí pé oníròyìn ni mí, kí n má lọ wá máa sọ ti òṣèlú, pé ojoojúmọ́ lẹ ń kà á. Ó ní kí n sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ nínú gbọ̀ngàn yìí rí. Mo rò ó síwá sẹ́yìn, mo ní ó dáa, tòlótòló ni n óò sọ. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Kì í ṣe ti Kérésìmesì.

Tòlótòló tí mo ń wí ni ti inú igbó Amẹ́ríkà, èyí tí ẹnikẹ́ni ò sìn, tó ń sùn lórí igi, tó sì gbọ́n ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń dọdẹ rẹ̀ lọ. Bí ìgbà ìrúwé bá ti dé lọ́hùn-ún, láti oṣù Kẹta títí wọ oṣù Karùn-ún, àwọn èèyàn tí wọ́n níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, dókítà, awakọ̀, olùkọ́, á máa jí ní aago mẹ́rin ìdájí láti lọ jókòó sábẹ́ igi nítorí ẹyẹ kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń padà sílé lọ́wọ́ òfo. Bó bá di ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n á tún lọ.

Ẹyẹ náà kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igbe ẹnu rẹ̀ la fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn ará Mexico ló kọ́kọ́ sìn ín sílé, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n ti ń sìn ín kí àwọn òyìnbó Sípéènì tó débẹ̀. Àwọn Sípéènì yìí ló gbé e lọ sí Yúróòpù ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1500, ibẹ̀ ló gbà tàn káyé. Èyí tó ń lé àwọn ọmọ kiri nínú àgbàlá wa, àrọ́mọdọ́mọ ìyẹn ni. Ti inú yìnyín tó ń gba Kùtọnu wọlé ńkọ́, èyí tí ìjọba ti fòfin dè láti bí ogún ọdún sẹ́yìn tí gbogbo wa sì ń jẹ? Ìyẹn ni wọ́n bọ́ sanra débi pé kò lè fò, kò tilẹ̀ lè gun abo rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ti inú igbó kò jọ ọ́. Dúdú ni, bí oòrùn bá tàn sí i, á máa dán bí idẹ. Akọ tó gbó dáadáa lè tó kílò mẹ́jọ sí mẹ́wàá, síbẹ̀ ó ń sáré ju ènìyàn lọ, bó bá sì fò, wéré ló ń gba àárín igi kọjá. Orí rẹ̀ pá. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, pupa, funfun àti búlúù á máa yí lórí rẹ̀. Irun kan yọ níwájú àyà rẹ̀ tó gùn bí irùngbọ̀n àlùfáà, ògàn mímú sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ wò ó, Benjamin Franklin, ọ̀kan nínú àwọn tó dá orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀, kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀ obìnrin ní 1784 pé ẹyẹ tó níyì ju idì lọ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó nígbéraga díẹ̀.

Wàyí o, báwo ni wọ́n ṣe ń dọdẹ rẹ̀? Ojú rẹ̀ ni wàhálà. Ẹ̀gbẹ́ orí lojú rẹ̀ wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ọ̀nà gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, ohunkóhun tó bá mira, ó ti rí i. Imú rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọdẹ a máa sọ pé bí tòlótòló bá lè gbóòórùn ni, ẹnikẹ́ni ò ní pa á láéláé. Nítorí náà wọn kì í lépa rẹ̀, wọ́n ń pè é ni. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dùn. Nínú ìṣẹ̀dá rẹ̀, akọ á ké láti orí igi ní ìdájí, abo á sì rìn tọ̀ ọ́ lọ. Akọ kì í wá abo lọ. Abo ló ń wá a wá. Ọdẹ wá fẹ́ yí i padà: ó fara pamọ́, ó ń dún bí abo, ó ní kí akọ wá òun wá. Akọ tó ti rí ìgbà ìrúwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin á dúró sí òkèèrè, á fẹ ìrù, á fi ìyẹ́ wọ́lẹ̀, á ní, bó o bá jẹ́ obìnrin lóòótọ́, jáde wá kí n rí ọ. (Ẹ̀yin ọmọ sẹ́ẹ̀tì mi mọ ọmọkùnrin tí mo ń bá wí, tó máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn lálẹ́ ọjọ́ ìjó. Ó wà níbí, n ò dárúkọ.) Ìbọn wọn kò sì dájú kọjá yáàdì 40, torí orí àti ọrùn ni wọ́n ń yìn ín. Yáàdì 60 ni arúgbó akọ máa ń dúró sí. Ta ló wọ̀n ọ́n fún un?

Ohun tí wọ́n fi ń pè é pọ̀. Àpótí onígi pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ń fi ìdérí ha. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Egungun apá abo tòlótòló wà, tí wọ́n ń fà ní èémí bí ẹni fa sìgá, tí àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ ti ń lò kí òyìnbó tó dé. Èyí tó wù mí jù ni síléètì, síléètì kan náà tí àwọn bàbá wa fi kọ ábídí, tí wọ́n gé rogodo, tí wọ́n ń fi igi ṣóńṣó ha títí á fi dún bí adìyẹ tó ń ráhùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n lè mọ igi tí akọ sùn sí, wọ́n á dún bí òwìwí, akọ kò ní lè mú un mọ́ra, á dáhùn. Ẹ gbọ́ ná, èèyàn á mọ̀ọ́mọ̀ máa ké bí òwìwí nínú òkùnkùn! Nílé wa, kí ó tó ké ẹ̀ẹ̀kejì, ìyá rẹ̀ á ti ké sí àwọn ẹbí.

Wọn kì í wọ pupa, funfun tàbí búlúù lọ síbẹ̀, kódà ìbọ̀sẹ̀, torí àwọ̀ orí akọ ni, ọdẹ mìíràn lè rò pé ẹyẹ ni. Èèyàn ti fara gbọta báyìí.

Ní oṣù Kẹrin 2023, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ìpínlẹ̀ Georgia. Bàbá kan ń gbé nítòsí wọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu wíwa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé. Ó ní akọ kan wà lẹ́yìn oko òun tí òun ti ń wá fún ọdún mẹ́ta. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí n tẹ̀ lé òun, láìmú ìbọn dání, kí n kàn wòran.

Lọ́jọ́ kìíní, ó dún bí òwìwí, akọ náà dáhùn láti òdìkejì odò kékeré kan. Ohùn yẹn wọ̀ mí lára. Nígbà tó ti balẹ̀, bàbá ha síléètì lẹ́ẹ̀mẹta péré, ó gbé e sílẹ̀, kò tún fọwọ́ kàn án fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹyẹ ń bọ̀, ó ń ké, ó ń bọ̀, ó wá dúró sétí odò lọ́hùn-ún. Ó ń lọ ó ń bọ̀ níbẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Bàbá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé wọn kì í fẹ́ sọdá omi tàbí wáyà ọgbà. Abo mẹ́ta dé, wọ́n mú un lọ. Ló bá parí.

Lọ́jọ́ kejì a sọdá odò ṣáájú rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ó ké lórí igi dáadáa. Ó fò wálẹ̀. Ibo ló balẹ̀ sí? Ibi tí a jókòó sí lánàá gan-an!

Ọjọ́ kẹta, òjò ti rọ̀ lóru, kò ké rárá. Nígbà tó di bí aago mẹ́wàá, mo ti rò pé bàbá ń tòògbé. Lójijì mo gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn wa. Kì í ṣe igbe. Ó dà bí ìgbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀ ní òkèèrè, tó jẹ́ pé àyà lèèyàn fi ń gbọ́ ọ ju etí lọ. Akọ ló ń dún bẹ́ẹ̀ bó bá ń yan níwájú abo. Ó ti yípo gba ẹ̀yìn wa, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. A ò lè yíjú. Bàbá ò lè gbé ìbọn. Ó wà níbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó ń wò, ó ń gbọ̀n ìyẹ́. Ó wá ké lẹ́ẹ̀kan, igbe kúkúrú, “pẹ́!”, gbogbo rẹ̀ sì pa lọ́lọ́. Nígbà tí a máa yíjú, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló wà nínú iyanrìn tútù. Bàbá yọ ọta kúrò nínú ìbọn, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní bàtà òun ló rí.

Mo bi í pé, níwọ̀n bó ti mọ igi tó ń sùn sí, kí ló dé tí kò lọ dúró sábẹ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, kó yìn ín lórí ẹ̀ka? Ó wò mí bí ẹni tí mo bú ìyá rẹ̀. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ọdẹ, ìyẹn ni kí èèyàn lọ ra ẹran.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, n óò fẹ́ kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ yẹn yẹ̀ wò pẹ̀lú ìtàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹyẹ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá nígbà kan. Wọ́n gé igbó, wọ́n sì ń pa á ní gbogbo ìgbà láti tà lọ́jà. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1930, bí 200,000 ló kù ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ní 1900 ni òfin Lacey ti jáde, tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó ẹran ìgbẹ́ tí a pa láìbófinmu láti ìpínlẹ̀ kan lọ tà ní òmíràn. Títí dòní, bí o bá pa tòlótòló igbó, o lè jẹ ẹ́, o lè fi tọrẹ, o ò gbọdọ̀ tà á. Ní 1937, wọ́n tún ṣe òfin pé kí owó orí tó wà lórí ìbọn gígùn àti ọta, ìdá 11 nínú 100, máa lọ sí ìtọ́jú ẹran ìgbẹ́. Ìyẹn ni pé àwọn ọdẹ fúnra wọn ló ń sanwó kí ẹran má baà tán.

Wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú láti sin ọmọ tòlótòló nínú ọgbà kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀ sínú igbó. Kò ṣiṣẹ́. Èyí tí a fi àgbàdo tọ́ dàgbà kò mọ ẹranko tí yóò pa á jẹ. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni àwọ̀n ńlá kan tí wọ́n ń yìn bí ìbọn, láti àwọn ọdún 1950: wọ́n á fọ́n àgbàdo sílẹ̀, wọ́n á fara pamọ́, àwọ̀n á bo agbo ti inú igbó gan-an mọ́lẹ̀, wọ́n á kó wọn lọ sí igbó tí kò ti sí mọ́. Ní 1973 iye wọn ti lé ní mílíọ̀nù kan. Nígbà tí a wọ àwọn ọdún 2000, ó ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà.

Ṣùgbọ́n kò dúró bẹ́ẹ̀. Ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn, ó tún ti ń dín kù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Michael Chamberlain ní Yunifásítì Georgia àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti so ẹ̀rọ mọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ tòlótòló lára láti mọ ibi tí wọ́n ń rìn dé, wọ́n sì ti gbé ẹ̀rọ gbohùn-gbohùn sínú igbó. Wọ́n rí i pé bí ìbọn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún, igbe àwọn akọ máa ń dín kù. Nínú àwọn onímọ̀, àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá pa akọ kí ó tó gun abo tán, ẹyin tí yóò pa ọmọ lè dín. Ní 2022, Georgia sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọdẹ síwájú wọ oṣù Kẹrin, wọ́n sì dín akọ mẹ́ta tí ẹnì kan lè pa lọ́dún kù sí méjì. Bàbá onísíléètì yẹn kò ráhùn. Ó ní kò kàn án, òun ò kúkú tíì rí ẹyọ kan pa.

Nígbà tí mo délé, mo lọ bá ọdẹ àgbà kan nílùú wa, ẹni tó ti ń gbé ṣakabùlà láti ọmọdé. Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun jẹ́ géńdé, láti orí ibùsùn lòun ti ń gbọ́ igbe awó. Pé ní báyìí, òun á rìn tó wákàtí kan kí òun tó gbọ́ ti àparò pàápàá. Gbogbo wa la mọ ọ̀nà Ọ̀rẹ̀, a mọ ohun tí wọ́n ń nà sókè sí ọlọ́kọ̀ níbẹ̀, a sì mọ àwọn tó ń dúró rà á. Èmi náà ti rà á. Mo wá sọ ti bàbá Georgia fún un: ọdún mẹ́ta lórí ẹyẹ kan, kò gbọdọ̀ tà á, kò sì jẹ́ yìn ín lórí igi. Ó gbọ́ ọ dópin. Ó ní, “Ọmọ mi, àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Tèmi, bí n ò bá pa, kí ni mo fẹ́ fún wọn jẹ? Ọdẹ tó ní fíríìjì nílé lè máa bá ẹyẹ ṣeré.”

N ò rí èsì fún un, n ò sì tíì rí i títí di òní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní iṣẹ́ ọba níbí lè rí i. Ṣùgbọ́n kí n tó dìde, ó ní kí n mú síléètì náà wá kí òun rí i, bóyá òun lè fi pe àparò. Bàbá Georgia ló fún mi lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀ nílé. Mo ti mú un lọ fún un, ó ti lò ó, ó dá a padà, ó ní àparò kò gbọ́ èdè òyìnbó.

Òun nìyí lọ́wọ́ mi. Kí wọ́n tó gbé oúnjẹ wọlé, ẹ dákẹ́ díẹ̀ kí n ha á kí ẹ gbọ́.