Ǹjẹ́ Mùsùlùmí Lè Yọ̀ǹda Òkú Ara Rẹ̀ Fún Ẹ̀kọ́ Ìṣègùn?

 

Ọmọ kéú mi kan, tó ti di akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ló bi mí pé, "Bàbá Àáfà, òkú tí wọ́n fi ń kọ́ wa, ta ló fún wọn láṣẹ?" Ẹnu mi wọhò. Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ alùwàlá ló bá wá ni.

Òótọ́ ni pé Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé ẹni tó ṣẹ́ egungun òkú dà bí ẹni tó ṣẹ́ ti alààyè. Àwọn àáfà kan dúró síbẹ̀, wọ́n ní kò tọ́ rárá. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n dókítà tí kò rí inú ènìyàn rí, ara alààyè ni yóò fi kọ́ṣẹ́. Ta ló fẹ́ kó jẹ́ ikùn ìyàwó òun?

Ní 1987, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn ní Mẹ́kà ní ó tọ́, pẹ̀lú àdéhùn: kí olóògbé ti gbà kó tó kú, tàbí kí àwọn ajogún rẹ̀ gbà, kí wọ́n má kọjá ibi tó pọn dandan, kí dókítà obìnrin ṣe ti obìnrin, àfi bí a kò bá rí, kí wọ́n sì sin gbogbo ẹ̀yà ara náà.

Ní Nàìjíríà, Òfin Ìlera 2014 gbà kí ènìyàn kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún. Àwọn tó ń ṣe é kò wọ́pọ̀. Òkú tí ẹnikẹ́ni kò wá gbà ní mọ́ṣúárì ló pọ̀ jù níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́: ẹni tí mọ́tò pa, ẹni tí ìbọn bà, tálákà tí ará ilé kò mọ ibi tó wọ̀. Èyí ló ń dùn mí. Ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ ṣe sàráà. Ẹni tí a kò bi léèrè, a gba tọwọ́ rẹ̀ ni. Mùsùlùmí lè wà nínú wọn, tí a kò wẹ̀, tí a kò kírun sí lára.

Ní tèmi, ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó pe ìyàwó àti ọmọ jókòó, kó kọ ọ́ níwájú ẹlẹ́rìí méjì, kó má gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá ń sunkún pé àwọn kò lè gbà á, kó fi sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹbí yín jáde tí kò wálé, ẹ má ní ó ṣì ń bọ̀. Ẹ dé àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ dé mọ́ṣúárì lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bá ẹbí kan lọ rí. Ní mọ́ṣúárì kẹta la ti rí ọmọ wọn. A wẹ̀ ẹ́, a kírun sí i lára lẹ́yìn alásàrí ọjọ́ náà.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jù. Wa-s-salaamu alaikum.