Ẹ Má Jẹ́ Kí Ìparí Nọ́ńbà Tàn Wá Jẹ



Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà la fẹ́ bá yín sọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín: kò sí ọlọ́jà tí kì í kà.

Bí ọsàn bá jẹ́ 12, ẹ lè pàtẹ rẹ̀ ní mẹ́rin-mẹ́rin kó dọ́gba. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ 13, kò ní dọ́gba, àfi kí ẹ tò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irú 13 yìí làwọn ọmọ wa ń pè ní prime number nílé ìwé. Yàtọ̀ sí 2 àti 5, gbogbo wọn ló ń parí sí 1, 3, 7 tàbí 9.

Lọ́dún 2016, Robert Lemke Oliver àti Kannan Soundararajan, ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, wo 100 mílíọ̀nù àkọ́kọ́ nínú wọn. Bí ọ̀kan bá parí sí 1, à bá rò pé ìgbà 25 nínú 100 ni èyí tó tẹ̀ lé e yóò parí sí 1. Ìgbà 18 àti ààbọ̀ péré ni. Ẹ kà á fúnra yín: 139 àti 149 ni méjì àkọ́kọ́ tó tẹ̀ léra tí ìparí wọn jọra.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Owó èsúsú àti owó ilé ìwé ọmọ ń bá lọ́tò lọ. Wọ́n á ní, "7 ló parí lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò lè jẹ́ 7 mọ́." Ẹ̀yin èèyàn wa, 13 kò kúrò láàárín 12 àti 14 láti ọjọ́ tí ayé ti wà, ẹni tó bá kà á yóò bá a níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù lọ́tò, ṣe ni wọ́n ń gbọ̀n ọ́n pọ̀. Kò rántí èyí tó jáde lánàá. Ìwé tí ẹ fi ń ṣọ́ ọ kò lè sọ èyí tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi owó náà ra ìwé ìṣirò fún àwọn ọmọ. Lálẹ́, ẹ bi wọ́n bóyá 91 ṣe é pín. Bí wọ́n bá rí i pé 7 lọ́nà 13 ni, èrè nìyẹn.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká ṣe àjò lásán.