Ohun tí Q inú QLED dúró fún (ọ̀rọ̀ ohùn tí a tẹ̀ sílẹ̀)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kánò, ní Jọ́ọ̀sì, ní Kàdúná, ní Onitsha, ajé á wọ igbá gbogbo wa o.

Ìbéèrè tó ń wá ṣáá lórí tẹlifíṣọ̀n QLED ni mo fẹ́ dáhùn lónìí. Kí ló wà nínú ẹ̀ tí owó ẹ̀ fi ju ti LED lásán lọ? Tí oníbàárà bá bi wá, kí la máa sọ tí kò ní jẹ́ irọ́?

Q yẹn, quantum dot ló dúró fún. Hóró ni. Hóró èròjà semiconductor, ìyẹn irú èròjà tí wọ́n fi ń ṣe iná LED àti pánẹ́ẹ̀lì sólà. Àmọ́ hóró yìí kéré kọjá ohun tí ojú lè rí. Ẹ fa ẹyọ irun kan tu lórí yín, ẹ wo bó ṣe tínrín tó. Tẹ́ ẹ bá ń to hóró yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó máa tó bíi 10,000 kó tó kárí ìbú irun yẹn.

Ohun tó yani lẹ́nu nìyí: kì í ṣe ọ̀dà ló ń fún un láwọ̀. Bó ṣe tóbi tó ni. Ẹ mú èròjà tí wọ́n ń pè ní cadmium selenide. Tí hóró ẹ̀ bá jẹ́ nànómítà 2, àwọ̀ búlúù ló máa tàn. Tó bá dàgbà dé bíi nànómítà 6, ó di pupa. Àwọ̀ ewé àti yẹ́lò wà láàárín. Èròjà kan náà o, ìtóbi nìkan ló yàtọ̀.

Alexei Ekimov ló kọ́kọ́ rí i nínú gíláàsì aláwọ̀, ní Soviet Union, ní 1981. Ní 1983, Louis Brus rí i nínú omi, ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà: hóró tí wọ́n ń rí ò dọ́gba. Kékeré, ńlá, gbogbo ẹ̀ dàrú pọ̀. Tí ìtóbi bá dàrú, àwọ̀ náà á dàrú, kò ní mọ́. Kò sẹ́ni tó lè fi irú ẹ̀ ṣe ọjà.

Ẹni tó tú kókó yẹn ni Moungi Bawendi, òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní MIT, ní 1993. Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ń dín àkàrà, ẹ máa tètè mọ ohun tí wọ́n ṣe. Àkàrà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ dà sínú epo, tẹ́ ẹ wá ń dà òmíràn lé e díẹ̀díẹ̀, àbí ẹ rí i pé ti àkọ́kọ́ á ti pọ́n jù kí ti ìkẹyìn tó jinná? Kí gbogbo ẹ̀ lè rí bákan náà, ìgbà kan náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn. Wọ́n yọ́ èròjà kan tó dà bí ìda, wọ́n gbé e kaná títí tó fi gbóná dé bíi 300 digiri, láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ kàn án. Wọ́n wá fi abẹ́rẹ́ fín àdàlù tútù sínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wàì! Lójú ẹsẹ̀, ìdí hóró so káàkiri lẹ́ẹ̀kan. Àdàlù tútù yẹn ti mú kí ìkòkò rọ̀, torí náà ìdí tuntun ò lè so mọ́. Wọ́n wá rọra dá iná padà, kí àwọn tó ti so lè jọ máa dàgbà. Èyí tó dà bí ìda yẹn ń lẹ̀ mọ́ wọn lára, kì í jẹ́ kí wọ́n sáré dàgbà tàbí kí wọ́n lẹ̀ pọ̀. Bí wọ́n bá ṣe pẹ́ tó lórí iná ni wọ́n á ṣe tóbi tó. Nígbà tí àwọ̀ tí wọ́n fẹ́ bá dé, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, àwọn míì tún fi èèpo zinc sulfide bò ó, kí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ má bàa ṣòfò. Ní 2023, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo dárúkọ yìí jọ gba ẹ̀bùn Nobel.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí ṣọ́ọ̀bù. Nínú ọ̀pọ̀ QLED tá à ń tà, iná LED búlúù ló wà lẹ́yìn. Ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níwájú ẹ̀, hóró pupa àti hóró àwọ̀ ewé ló kún inú ẹ̀. Wọ́n ń gba búlúù, wọ́n ń sọ ọ́ di àwọ̀ tiwọn. Ìdí tí àwọ̀ ẹ̀ fi mọ́ tónítóní nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ má sọ fún oníbàárà pé QLED àti OLED jẹ́ ọ̀kan náà. OLED kì í lo iná ẹ̀yìn, ojú àwòrán fúnra ẹ̀ ló ń tàn. Ẹ pa iná yàrá, kẹ́ ẹ wo ibi tó yẹ kó dúdú: ti OLED á kú pátápátá, ti QLED sábà máa ń fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ hàn. Lẹ́tà ara páálí nìkan ò tó ẹ̀rí o. Ẹ ka ìwé inú ẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì wò ó lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Tẹ́ ẹ ò bá rí quantum dot níbẹ̀, ẹ má fi ẹnu yín búra.

Ìkan tó kù: cadmium máa ń ba kíndìnrín jẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti yí sí indium phosphide nítorí ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣòro díẹ̀ láti mú hóró tiẹ̀ dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè fojú mọ èyí tó wà nínú ojú tẹlifíṣọ̀n tó ti fọ́. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù dáná sun ún.

Àlejò ni wá níbi tá a wà, orúkọ wa ni ọjà wa. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ẹni tó mọ ohun tó ń tà, oníbàárà á padà wá bá a.