Kóńgò Tí A Fi Ń Wọn Omi Inú Afẹ́fẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kan òjò, ó kan ooru, ó sì kan ìwé tí à ń kọ.

Bí ẹ bá sá aṣọ tútù sí oòrùn, yóò gbẹ. Níbo ni omi inú rẹ̀ lọ? Inú afẹ́fẹ́ ni. Ó ti di oru tí ojú kò lè rí. Ní ìgbà ọyẹ́, oru omi yìí kéré nínú afẹ́fẹ́ wa. Ìdí nìyẹn tí ètè àti awọ ara fi ń gbẹ. Ní ìgbà òjò, ó pọ̀. Aṣọ kì í tètè gbẹ.

Oru omi ló ń di ìkùukùu, ìkùukùu ló ń di òjò. Ó tún dà bí aṣọ ìbora fún ayé: kì í jẹ́ kí ooru tètè jáde lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá gbóná sí i ní ìwọ̀n digiri 1, oru omi tó lè gbà á máa fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 pọ̀ sí i. Ooru ń pe oru, oru sì ń pe ooru. Nítorí náà, ó yẹ kí a mọ̀ bó ti ń pọ̀ tó.

Sátẹ́láìtì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rọ ni, tí a fi ránṣẹ́ sí òkè réré, tó ń yí ayé po tọ̀sán-tòru. Ó ń gba ìtànṣán tó ń ti ayé bọ̀. Oru omi a máa yí ìtànṣán náà padà. Bó ti yí padà tó ni ẹ̀rọ fi ń mọ iye oru tó wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1987, Amẹ́ríkà fi ọ̀kan ránṣẹ́ tó ń wọn oru omi orí òkun. Irú rẹ̀ mìíràn tẹ̀ lé e ní 1990, 1991, 1995, 1997 àti 1999.

Èéṣe tí ọ̀kan kò fi tó? Ẹ wo ìyá onígàrí. Kóńgò rẹ̀ ti gbó, ìdí rẹ̀ ti wọ inú, ó bá ra tuntun. Gàrí tó jẹ́ kóńgò 20 lánàá wá di 19. Ṣé olè ló jà á ni? Rárá o! Gàrí kò dín, kóńgò ló yàtọ̀. Bí ìyá bá gbọ́n, kò ní tètè sọ ti àtijọ́ nù. Yóò fi méjèèjì wọn gàrí kan náà, yóò sì kọ ìyàtọ̀ wọn sínú ìwé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni sátẹ́láìtì. Ó ń gbó, a sì ń fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Láàrin ọdún 10, oru omi orí òkun kò fi ju nǹkan bí ìdá 1 tàbí 2 nínú 100 pọ̀ sí i. Bí kóńgò tuntun bá fi ìyẹn nìkan yàtọ̀, irọ́ ni a ó máa kà.

Ní 2002, àwọn ará Yúróòpù rán Envisat lọ sókè. Ní oṣù kẹrin ọdún 2012, ó dákẹ́ lójijì. Wọ́n pè é títí, kò dáhùn mọ́. Ọdún 2016 ni arọ́pò rẹ̀, Sentinel-3, tó gòkè. Àwọn méjèèjì kò jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ lókè rárá. Ọpẹ́lọpẹ́ Terra, sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà tó ti gòkè láti 1999. Ó bá ti àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ó sì tún bá ti ìkejì ṣiṣẹ́. Òun ni wọ́n fi so okùn tó já.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin náà ti mọ ìwé kọ báyìí. Bí ẹ bá ń wọn gàrí, kòkó tàbí òjò, ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ iye, ẹ sì kọ ohun tí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ọmọ tó bá ka ìwé yín lẹ́yìn ọ̀la yóò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́.