Nígbà Tí Ilẹ̀kùn Ọkàn Bá Tún Fún

Ọmọ tí ọ̀fun ń dùn, tí a kò tọ́jú dáadáa, lè dàgbà di ẹni tó ń mí gúlegúle. Ibà làkúrègbé, tó lè tẹ̀lé irú ọ̀fun dídùn bẹ́ẹ̀, ló máa ń dá àpá sí ilẹ̀kùn inú ọkàn. Etí ilẹ̀kùn náà á lẹ̀ mọ́ra, ẹ̀jẹ̀ ò ní ríbi kọjá dáadáa. Obìnrin mìíràn kì í mọ̀ àfi ìgbà tó bá lóyún, nítorí ẹ̀jẹ̀ ara máa ń pọ̀ sí i nígbà náà.

Ní 1982, Kanji Inoue, oníṣẹ́ abẹ ní Japan, lo ọ̀nà kan láti ṣí ilẹ̀kùn náà, tí kò nílò kí a la àyà. Wọ́n á ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ itan dé ọkàn, wọ́n á fẹ́ bàlúùnù kékeré orí rẹ̀, etí ilẹ̀kùn á sì là.

Ṣùgbọ́n àpá kì í parẹ́. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó lè tún lẹ̀. Ṣé wọ́n lè tún bàlúùnù fẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni, bí ilẹ̀kùn náà bá ṣì rọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ò jò padà púpọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ dídì ò sì sí nínú ọkàn. Bó bá ti le gbagidi, iṣẹ́ abẹ láti pààrọ̀ rẹ̀ ló sábà máa ń kù.

Ohun tó ń dùn mí ni pé abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì, tí a ń gbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin fún ọ̀pọ̀ ọdún, lè dènà ibà náà kó má padà. Ẹni tí wọ́n ti fẹ́ bàlúùnù fún rí, bí èémí bá tún ń kúrú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lónìí.